Ọdún tí Àwọn Àgbà Gba Iwájú Ìlà

Ìró abọ́ ló máa ń jí mi nílé wa ní Talladjé, ní ìlú Niamey. Àwọn obìnrin àdúgbò á gbé abọ́ jéró wọn wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ẹ̀rọ ìyá mi wà, wọn á gbé e ti abọ́ ẹni tó ṣáájú wọn, gbàn-án, wọn á sì bá tiwọn lọ, torí ní àdúgbò wa, abọ́ lè bá èèyàn dúró lórí ìlà. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ sílẹ̀ lè lọ pọn omi, ó lè lọ wẹ ọmọ, ó tilẹ̀ lè lọ bá aládùúgbò jà kó tó dé, ipò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣọ́ ìlà náà nígbà tí n kò bá sí níléèwé. Mo mọ abọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín: èyí tí etí rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí, àti ti Sàlámátù, ìyàwó ilé tó tẹ̀lé tiwa, tí wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ búlúù sí nínú. Ẹ̀rọ ìlọta la máa ń pe ẹ̀rọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata tó ń lọ̀ kò tó nǹkan. Jéró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgbàdo àti ẹ̀wà rírẹ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo ìkòkò ilé ìdáná wa á máa gbọ̀n. A ti mọ́ ọn lára láti máa sọ̀rọ̀ nínú ariwo yẹn. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá kí òun káàárọ̀ nínú yàrá, àwọn ará Yantala ní òdìkejì ìlú á dáhùn.

Ìyá mi fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn gan-an, ó sì nídìí. Lọ́dún tó ṣáájú, Bàbá ti sọ pé nǹkan ti le, pé owó ilé ti wọ́n, pé yóò dára kí ìyá mi kó àwa ọmọ àti Ìyá Àgbà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú òun, kí òun nìkan dúró ní Niamey kó máa fi nǹkan ránṣẹ́. Ìyá mi kò fẹ́. Niamey ni wọ́n bí i sí. Èdè Zarma ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ṣàwàdà, ọmọ ìyá rẹ̀ méjì wà ní àdúgbò Dar es Salam nínú ìlú náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ó lọ kí wọn ni. Ó ta ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà rẹ̀, ó fi ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kúrò nílùú, ó sì bẹ Bàbá pé kó fún òun ní ọdún kan. Bí ẹ̀rọ bá ń san owó ilé, a ó dúró. Bí kò bá san án, a ó di ẹrù. Wọ́n rò pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọmọ kì í gbọ́ nínú ilé oníyàrá méjì.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, wà lọ́dọ̀ wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá kí wa, tó ní òun fẹ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ òun fún oṣù kan, oṣù kan náà sì ti di ọdún mẹ́ta. Kò gbọ́ Zarma, Hausa rẹ̀ kò ju ìkíni lọ, èmi sì ni mo máa ń túmọ̀ fún un. Lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà wa ló máa ń jókòó, yóò máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, yóò sì máa fojú ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé. Òun ló gbé òfin kan kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rí ìyá arúgbó kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó gbé abọ́ rẹ̀ sí ìdí ìlà, ó sì fi oríkì mi pariwo mọ́ mi: “Àbẹ̀kẹ́! Ojú rẹ ń wo ìyá, o jẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀? Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! N kò fẹ́ rí àgbà tó ń tò nílé ọmọ mi.” Láti ọjọ́ náà, bí àgbàlagbà obìnrin bá dé, ìyá mi á kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àgbà nílé wa, á fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ dà sẹ́nu ẹ̀rọ. Àwọn ọmọge Zarma máa ń rẹ́rìn-ín sí ìkúnlẹ̀ náà, wọ́n á ní àwọn ará Yorùbá ń kírun fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ó wù wọ́n. Inú àwọn ìyá àgbà náà dùn, wọ́n sì ń rọ̀jò àdúrà lé ìyá mi lórí.

Àwọn àgbà wọ̀nyí kì í ju ẹnì kan tàbí méjì lọ lójúmọ́, nítorí náà òfin Ìyá Àgbà kò pa ẹnikẹ́ni lára títí ààwẹ̀ fi dé. Ààwẹ̀ ọdún yẹn bọ́ sí àárín ooru. Gbogbo ilé ló fẹ́ mu ẹ̀kọ jéró gbígbóná bí wọ́n bá ṣínu, gbogbo ilé ló fẹ́ jẹ àkàrà, jéró tí wọ́n sì ti rẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ jù kó má bàa kan. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ń pín ara rẹ̀ káàkiri ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá kó ara jọ sí àárín ìrun Àìlà lọ́sàn-án àti Mọ̀ngàríbì nírọ̀lẹ́. Ìlà abọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, ó yí igi dóńgóyárò ká, ó jáde sí ìta. Inú ìyá mi ń dùn. Ó máa ń nu ìyẹ̀fun kúrò lójú, á wo èrò, á sì sọ fún Ìyá Àgbà pé, “Ìyá, ẹ wo nǹkan tí Ọlọ́run ṣe.” Ìyá Àgbà á ní, “Mo rí i. Àdúrà àwọn àgbà ni.”

Níbi tí ìyá mi dúró sí, àwọn tó wà lórí ìlà nìkan ló lè rí. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà ni mò ń rí àwọn tó gbé abọ́ lérí wá, tí wọ́n dúró, tí wọ́n fi ojú ka iye abọ́ tó wà nílẹ̀, tí wọ́n sì yí padà. Ní báyìí, ilé oògùn kan ní Yantala ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà á ṣí ilẹ̀kùn, á wo èrò, á wo aago ojú fóònù rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì tún padé. Ọ̀gá mi kò mọ̀ pé ẹni náà wá rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rí àwọn mìíràn tí wọ́n máa ń gba iwájú ilé oògùn tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó wá bá wa, torí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí ibi tó dá páro. Èrò díẹ̀ ń fa èèyàn mọ́ra, èrò púpọ̀ ń lé e, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún ọ ọjọ́ tí díẹ̀ di púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ èyí fún ìyá mi. Mo kàn rò pé àwọn tó ń yí padà ti gbàgbé nǹkan sílé ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dá sí òfin Ìyá Àgbà ni Káákà Hàdísà. Arúgbó opó ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Káákà, ìyá àgbà; ó ń gbé nínú yàrá kan létí ọgbà wa, kò ní ọmọ nítòsí. Lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀, ó gbé abọ́ méjì wá. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gba méjèèjì, ó lọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé mẹ́ta wá, tó tò lé ara wọn. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di márùn-ún, ọmọ kan sì ń bá a gbé èyí tí kò lè gbé. Mo mọ abọ́ wọ̀nyẹn. Abọ́ àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti tò rí, tí ó sì ti sú wọn, ni. Wọ́n ń bu ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ fún un nínú èyí tó bá bá wọn gbà lọ̀, òun náà sì ń fi ewú orí rẹ̀ ra ipò fún wọn. N kò bá a wí títí di òní. Oúnjẹ ìṣínu tirẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù rí i. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ní ìyá ọkọ nílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán an wá, ẹni tí kò sì ní ń yá ìyá aládùúgbò. Nígbà tó yá, ìyá arúgbó mẹ́sàn-án ló máa ń wà níwájú ìlà, pẹ̀lú abọ́ bí ogún.

Sàlámátù kò ní ẹni tó lè rán. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lábúlé, oyún inú rẹ̀ sì ti ga. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di irun ní dídì àwọn Zarma, òun ló sì máa ń bu dambú, jéró tí wọ́n fi ewé mòríńgà sè, fún mi bí ìyá mi kò bá tíì dáná. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, Àìlà ni ó ti gbé abọ́ rẹ̀ wá. Abọ́ mẹ́rin péré ló wà níwájú rẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé, abọ́ mẹ́rin ṣì wà níwájú rẹ̀.

“Sìkírá, ta ló kàn?” Zarma ló fi bi mí.

“Ó máa tó kàn yín, Tàǹtí.”

“Bí o ṣe wí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.”

Bí ìyá arúgbó kan bá ti dé, èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ ti abọ́ Sàlámátù sẹ́yìn kí àyè lè wà. Mo ti tì í lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ladáànì pe ìrun Mọ̀ngàríbì, ìyá mi pa ẹ̀rọ, gbogbo wa sì nawọ́ sí omi. Abọ́ olódòdó ló ṣíwájú nílẹ̀, jéró inú rẹ̀ ti ń kan. Sàlámátù gbé e sórí, ó lọ. A gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń béèrè ohun tí ó ń ṣe láti àárọ̀ tí kò fi rí ẹ̀kọ mu. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ìdí ẹ̀rọ Ísúfù ló ń lọ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lẹ táyà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kì í lọ nǹkan kúnná, pé ẹni tó bá gba ìyẹ̀fun níbẹ̀ ní láti tún fi asẹ́ sẹ́ ẹ nílé. Ṣùgbọ́n Ísúfù kò mọ àgbà, kò mọ èwe. Bí o bá dé ṣáájú, wàá lọ̀ ṣáájú. Ìyá mi ní, “Wọ́n á padà. Ìyẹ̀fun tó rí bí iyanrìn, ta ló máa mu ún?” Wọn kò padà. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń ṣínu lásìkò. Ẹni kan ń sọ fún ẹnìkejì, nígbà tó sì di ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀, àwọn ìyá àgbà nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà wa. Lẹ́yìn náà àwọn pàápàá ń dín kù, torí kò sí ìlà mọ́ tí wọ́n lè bá ẹnikẹ́ni fò. Abọ́ Káákà Hàdísà padà di méjì.

Nígbà tí a ń ṣínu lọ́jọ́ kan, Bàbá fi ọwọ́ nu ẹnu, ó rọra sọ pé, “Ìyá Sìkírá, ọdún kan tí a dá ti ń lọ sópin o.” Ìyá mi ní òun mọ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá lọ kírun àṣàmù, ìyá mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

“Ìwọ lo ń jókòó níbẹ̀. Kí ló ń lé wọn?”

“Àwọn ìyá àgbà ni.”

“Kí làwọn ìyá àgbà ṣe?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti abọ́ márùn-ún, mo sọ ti Sàlámátù àti bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ń sunkún bí mo ti ń sọ ọ́. Mo rò pé yóò gbá mi létí, ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó sórí àpò jéró, tó gbá àtẹ́lẹwọ́ mú. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló lọ, ó sì kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, láti ọ̀la lọ, abọ́ gbogbo èèyàn ni yóò máa tò.”

“Gbogbo èèyàn, bíi ta ni?”

“Gbogbo èèyàn, Ìyá. Àwọn àgbà á jókòó síbòji lọ́dọ̀ yín. Abọ́ wọn ni yóò tò, kì í ṣe àwọn.”

“Ṣé ìyá ọkọ ni mo jẹ́ tí o fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí ni, àbí oníbàárà?”

“Èyí tó bá wù yín, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kó máa lọ báyìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa ń lọ.”

“Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ wá di ibi burúkú ni?”

“Rárá o, Ìyá. Ilé yín ni. Ibí ni tèmi.”

Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó kọjú sí ògiri.

Èmi àti ìyá mi lọ láti ilé dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé a ti tún ìlà tò. Díẹ̀ nínú wọn wá. Lẹ́yìn Àláásárì, nígbà tí abọ́ mẹ́jọ ti wà nílẹ̀, Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tí ó ti bó fún àkàrà ìṣínu wa. Ó dúró níwájú ìyá mi, ó nà án sí i. Ìyá mi kúnlẹ̀ bó ti máa ń kúnlẹ̀, ó kí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà. Ó wá dìde, ó rìn kọjá abọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó gbé e sí ìdí ìlà, lẹ́yìn abọ́ tí ọmọ kékeré kan gbé wá. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó sì gbé abọ́ tó kàn.

Ìyá Àgbà wo abọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ gbé e. “Àbẹ̀kẹ́, tẹ̀ lé mi,” ló wí, ó sì jáde sínú oòrùn, ó kọjú sí títì. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Gbogbo ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló rí ìyá ọkọ ẹlẹ́rọ tó ń gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ fún ẹlẹ́rọ mìíràn.

Ọ̀dọ̀ Ísúfù ti kún. Àwọn tó sá fún èrò lọ́dọ̀ wa ti di èrò níbẹ̀, kò sì sí igi kankan. Sàlámátù jókòó sórí táyà kan, ó fi etí aṣọ bo orí, abọ́ olódòdó rẹ̀ ló ṣìkejì láti iwájú. Nígbà tó rí Ìyá Àgbà, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú, ó dìde, ó kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn láti fi àyè sílẹ̀.

“Kí ló ń ṣe?” Ìyá Àgbà bi mí.

“Ó ń fún yín ní ipò rẹ̀.”

“Bi í, ìgbà wo ló ti dé?”

Mo bi í. “Ó ní láti ìgbà Àìlà.”

“Ṣé bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo máa ń bá a fà á sẹ́yìn.”

Ìyá Àgbà wo ikùn obìnrin náà, ó wo oòrùn. Ó gbé abọ́ tirẹ̀ fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti abọ́ Sàlámátù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì di obìnrin náà lápá mú títí ó fi jókòó. “Sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé lọ́la,” ló wí fún mi. “Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹsẹ̀ kan abọ́ rẹ̀.” A yí padà sílé.

Nígbà tí a dé, abọ́ ti di mọ́kànlá. Ìyá Àgbà gbé tirẹ̀ sílẹ̀ sí ìdí wọn, ó lọ jókòó sórí ẹní. Ìyá mi rí i láti ìdí ẹ̀rọ, kò dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun ló ń nù. Kò pẹ́ tí Káákà Hàdísà dé pẹ̀lú abọ́ mẹ́ta, tó kọrí sí iwájú. Ìyá Àgbà nawọ́ sí i, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ẹní. Yorùbá ló sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò yé. “Wá jókòó. Ẹ̀yìn mi lo wà.”

Sàlámátù wá lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìyá mi ń bu ìyẹ̀fun fún Káákà Hàdísà fúnra rẹ̀, ọdún tí wọ́n dá pé, Bàbá kò sì tún dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ tò ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ladáànì pe ìrun nígbà tí abọ́ mẹ́rin ṣì wà níwájú ti Ìyá Àgbà. Ìyá mi wojú rẹ̀, Ìyá Àgbà mi orí pé kó pa ẹ̀rọ, ó sì pa á. Ìyá Àgbà fi èso dàbínù mẹ́ta àti omi ṣínu lórí ẹní, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ti ọjà dé, tó jókòó, tó ṣí abọ́ oúnjẹ tó rí ẹ̀kọ nìkan, ó wò yíká.

“Àkàrà dà?”

Ìyá mi bu ẹ̀kọ kún abọ́ rẹ̀.

“A ní ẹ̀rọ nínú ilé, a kò rí àkàrà jẹ?”

Ìyá Àgbà mu omi rẹ̀ tán, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ìlà kò tíì kàn mí,” ló wí.